Àyè Ọmọ Kan: Àgbéyẹ̀wò Ọ̀rọ̀ Àsansílẹ̀ àti Nótíìsì Lọ́dọ̀ Màíńdà

Ọjọ́ Ẹtì ni, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ku díẹ̀. Ìyá ọmọ náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò bọ́ kóòtù. Ó ti gbé ọmọ sínú kẹ̀kẹ́, ó ti fi àpò ìlédìí kọ́ kẹ̀kẹ́ náà lọ́wọ́, ló bá ní, “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú o. Màmá mi ti dé láti Ìbàdàn. Òní la máa wá mọ.” Àǹtí ní kò burú. Ó fọwọ́ pa ọmọ lórí, ó ṣàdúrà fún un, ó ti ilẹ̀kùn. Nígbà tó padà sí pálọ̀, àga gíga tí ọmọ náà fi ń jẹun ṣì wà níbẹ̀, ìrẹsì ṣì lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ìwé rẹ́jísítà wà lórí tábìlì, ó sì ti kọ orúkọ ọmọ náà sínú rẹ̀ títí dé ìparí oṣù tó ń bọ̀. Láàárín oṣù mẹ́ta tó ṣáájú ọjọ́ yẹn, ìyá méjì ló ti wá béèrè àyè fún ọmọ-ọwọ́, tó sì ti dá wọn padà.

Mo wà nínú ilé náà ní Thamesmead lọ́jọ́ yẹn, mo sì rí ojú Àǹtí, ọ̀rẹ́ mi. Kò sí ìwé kankan láàárín òun àti ìyá ọmọ. Kò gba àsansílẹ̀, kò sì dárúkọ nótíìsì rí. Ọmọ ìjọ kan náà ni wọ́n.

Ní Thamesmead, ní Woolwich, ní Peckham, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ sí ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, kò ṣòro láti rí obìnrin wa tó ń tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ nínú ilé ara rẹ̀. Màíńdà là ń pè wọ́n. Iṣẹ́ gidi ni, ó lófin, ó sì ní ẹni tó ń bẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí àdéhùn, níbi tí owó ti ń jò jù, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń fi ojú àánú ṣe é. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ yẹ̀ wò dáadáa, nítorí mo gbà pé ìyá tó ń wá àyè àti ìyá tó ń tọ́jú ọmọ, àwọn méjèèjì ló ń jìyà ohun tí wọn ò jọ sọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tí màíńdà ń tà. Ní England, ẹni tó bá ń gbowó láti tọ́jú ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́jọ nínú ilé, tí ìtọ́jú náà ju wákàtí méjì lọ lóòjọ́, gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Ofsted, àjọ ìjọba tó ń ṣàyẹ̀wò ìtọ́jú ọmọ, tàbí lọ́dọ̀ àjọ àwọn màíńdà tí Ofsted mọ̀. Òfin sì ti sọ iye ọmọ tí màíńdà kan lè kó jọ: mẹ́fà péré tí kò tíì pé ọdún mẹ́jọ. Nínú mẹ́fà yìí, àwọn tí kò tíì tó ilé ìwé lọ kò gbọdọ̀ ju mẹ́ta lọ, ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan sì sábà máa ń jẹ́ ẹyọ kan. Wọ́n máa ń yọ̀ǹda díẹ̀ bó bá jẹ́ ìbejì ni, tàbí àbúrò ọmọ tó ti wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí ọwọ́ ti ń lọ nìyẹn.

Nítorí náà, àyè ọmọ-ọwọ́ kan ṣoṣo ló wà nínú odidi ilé. Ó dà bí ẹ̀fọ́ tútù lórí àtẹ: bí ọjọ́ Ajé bá kọjá láìsí ọmọ nínú rẹ̀, kò sí ẹni tó lè ta ọjọ́ Ajé yẹn mọ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ká ní màíńdà ń gba £6.50 ní wákàtí kan, tí ọmọ ń lo wákàtí 40 lọ́sẹ̀. £260 nìyẹn lọ́sẹ̀. Bí àyè náà bá ṣófo fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún kó tó rí ọmọ mìíràn, £1,300 ti lọ. Owó iná, owó gáàsì àti ti ìnṣọ́ránsì kò sì ní dín nítorí pé ọmọ kan ti kúrò. Ilé ìtọ́jú ńlá tó gba ọgọ́ta ọmọ lè gbé irú àdánù bẹ́ẹ̀ láìmì. Ẹni tó ní ọmọ mẹ́ta, ìdá kan nínú mẹ́ta owó tó ń wọlé fún un ló bá ọmọ yẹn gba ẹnu ọ̀nà jáde.

Ọ̀rọ̀ ọmọ gbígbé fún ẹlòmíràn tọ́jú kì í ṣe tuntun fún àwa tí a wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún 1948 ni ìjọba Britain kọ́kọ́ ṣòfin pé kí àwọn màíńdà máa forúkọ sílẹ̀. Láti àárín àwọn ọdún 1950 títí wọ àwọn ọdún 1970, àwọn ọmọ Nàìjíríà tó wá kàwé, tí ọkọ ń ṣiṣẹ́ tí aya ń ṣiṣẹ́, tí àwọn méjèèjì tún ń lọ kíláàsì alẹ́, máa ń gbé ọmọ fún àwọn ìdílé òyìnbó lẹ́yìn odi Lọ́ńdọ̀nù. Inú ìwé ìròyìn Nursery World ni wọ́n ti ń polówó pé àwọn ń wá alágbàtọ́. Òṣèré Adewale Akinnuoye-Agbaje, tí wọ́n gbé fún ìdílé kan ní Tilbury láti ọmọ-ọwọ́, fi ìgbésí ayé ara rẹ̀ ṣe fíìmù Farming ní 2018. Ohun tó wà nínú fíìmù yẹn wúwo ju ọ̀rọ̀ àsansílẹ̀ lọ fíìfíì. Mo mẹ́nu bà á nítorí pé ìran wa ti mọ bó ṣe ń rí kí ọmọ wà lọ́dọ̀ ẹlòmíràn láìsí ìwé tó sọ ìgbà tí yóò bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tí yóò parí.

Nígbà tó di 2001, Ofsted gba iṣẹ́ àyẹ̀wò lọ́wọ́ àwọn káńsù. Ní báyìí àwọn obìnrin wa ló ń gba ọmọ tọ́jú, ti òyìnbó àti tiwa. Ṣùgbọ́n iye màíńdà ní England ti dín ju ìdajì lọ láti 2012. Ọ̀rẹ́ mi náà ti fẹ́ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mejèèjì ló sì jẹ́ pé ọmọ kan lọ lójijì ni.

Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ àsansílẹ̀ fi gbóná níhìn-ín ju ilé lọ? Ìsinmi ìbímọ ló fà á. Òfin iṣẹ́ ní Nàìjíríà fún obìnrin ní ọ̀sẹ̀ 12. Kó tó pé, ìyá ọkọ tàbí ìyá ìyàwó ti dé, tàbí kí wọ́n gbé ọmọ sọ́dọ̀ ìyá kan ládùúgbò, kí wọ́n sì máa sanwó bó ṣe ń lọ. Ní Britain, obìnrin tó níṣẹ́ lọ́wọ́ lè wà nílé títí dé ọ̀sẹ̀ 52, owó sì lè wà nínú 39 nínú rẹ̀. Ìyá á wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá àyè nígbà tí ọmọ wà ní oṣù mẹ́ta, fún ọjọ́ tí ọmọ yóò pé oṣù mọ́kànlá. Oṣù mẹ́jọ gbáko ni màíńdà yóò fi di àyè mú. Ta ló lè fi ọ̀rọ̀ ẹnu lásán di nǹkan mú fún oṣù mẹ́jọ?

Èdè wa ti la ọ̀rọ̀ yìí sọ́tọ̀-sọ́tọ̀ kí òfin òyìnbó tó dé. Àsansílẹ̀ ni owó tí a san ṣáájú, tí yóò wọ inú ohun tí a máa jẹ. Ìdógò ni èyí tí a fi sílẹ̀ kí ọkàn ẹnìkejì lè balẹ̀, tí a óò gbà padà bí a bá ti ṣe bí a ti wí. Ẹ̀kẹta wà tí a lè pè ní owó ìdúró: ìyá ní kí wọ́n di àyè mú láti oṣù karùn-ún dé oṣù kẹsàn-án, ó sì ń san bí ìdajì owó ìtọ́jú ní gbogbo àkókò tí ọmọ kò tíì wá. Owó ìdúró kì í padà, nítorí ohun tí wọ́n fi rà ti tán: àyè náà ṣófo nítorí ọmọ yẹn, kò sẹ́lòmíràn tó wọ̀ ọ́.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ìjà tí mo ti gbọ́ nípa owó lọ́dọ̀ màíńdà, orí ìdàpọ̀ mẹ́ta yìí ló ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá gbà pé ìdógò lòun san, màíńdà ti ná an bí àsansílẹ̀. Tàbí kí màíńdà gbà á bí owó ìdúró, kí ìyá máa retí kó yọ ọ́ nínú owó oṣù àkọ́kọ́. Bẹ́ẹ̀ ìlà kan péré nínú ìwé ló lè sọ èwo ni èwo. Ẹni tó ti gba ilé ní Èkó rí, tó san kọ́ṣọ̀n fún lanlọ́ọ̀dù, mọ bó ṣe ń rí láti máa wá owó bẹ́ẹ̀ padà. Ìrírí yẹn ni ọ̀pọ̀ òbí wa gbé wọ ọkọ̀ òfuurufú, wọn kò sì lẹ́bi bí wọ́n bá ń fura.

Èló ló wá yẹ? Òfin ẹ̀tọ́ oníbàárà ti 2015 kò dárúkọ iye kan, àmọ́ ó fi ibi tí ọwọ́ kò gbọdọ̀ kọjá hàn. Gbólóhùn àdéhùn tí kò bá bá oníbàárà dọ́gba kò lè dè é. Lára ohun tí òfin náà ń fura sí ni kí ẹni tó ń ta iṣẹ́ di owó oníbàárà mú pátápátá nígbà tí oníbàárà bá yí ọkàn padà, kí òun fúnra rẹ̀ má sì san nǹkan kan bó bá jẹ́ òun ló yẹ àdéhùn. Ó tún ń fura sí owó ìtanràn tó ju àdánù lọ. Bí gbólóhùn bá sì ní ìtumọ̀ méjì, èyí tó gbe oníbàárà ni ilé ẹjọ́ yóò mú.

Èrò tèmi ni pé owó ọ̀sẹ̀ kan sí méjì tó, kó sì jẹ́ ìdógò, kí wọ́n yọ ọ́ nínú owó ọ̀sẹ̀ ìkẹyìn. Ìyá tó bá fagi lé e ní oṣù mẹ́fà ṣáájú ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀, tí màíńdà sì rí ọmọ mìíràn láàárín oṣù náà, kí ló kù tí màíńdà fi máa di owó rẹ̀ mú? Èyí tó bá sọ ọ́ ní ọjọ́ mẹ́ta sí ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀. Nítorí náà ó dára kí ìwé àdéhùn pín in bẹ́ẹ̀: bí ọjọ́ bá ṣì jìnnà, owó á padà; bó bá ti súnmọ́lé, á dúró.

Ìjọba ti wọ inú ọ̀rọ̀ náà báyìí, ó sì ti yí púpọ̀ padà. Láti 2017 ni àwọn òbí tó ń ṣiṣẹ́ ti ń rí wákàtí 30 lọ́sẹ̀ gbà lọ́fẹ̀ẹ́, fún ọ̀sẹ̀ 38 lọ́dún, fún ọmọ ọdún mẹ́ta àti mẹ́rin. Ní oṣù kẹrin 2024 wọ́n fi wákàtí 15 kún un fún ọmọ ọdún méjì. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà ó kan ọmọ láti oṣù mẹ́sàn-án. Ní oṣù kẹsàn-án 2025 ó di 30 fún gbogbo wọn. Káńsù ló ń san owó yìí fún màíńdà. Màíńdà lè gba ìdógò láti fi di irú àyè bẹ́ẹ̀ mú, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ dá gbogbo rẹ̀ padà láìpẹ́ púpọ̀. Ẹ̀tọ́ náà kì í sì í bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí ọmọ bá pé oṣù mẹ́sàn-án. Sáà ilé ìwé tó tẹ̀ lé e ni: oṣù kìíní, oṣù kẹrin tàbí oṣù kẹsàn-án. Ìyá tí kò mọ èyí á ṣírò owó rẹ̀ gbòdì, á wá jẹ gbèsè ní oṣù àkọ́kọ́.

Àwọn tó ń gba Universal Credit, ìrànwọ́ owó ìjọba, ni ọ̀rọ̀ àsansílẹ̀ ń dùn jù. Ìrànwọ́ náà lè san tó ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún owó ìtọ́jú ọmọ, àmọ́ wọ́n kọ́kọ́ ṣètò rẹ̀ pé kí òbí san án tán ná, kó tó wá gbà á padà. Ìyá kan gbé ìjọba lọ sí ilé ẹjọ́ gíga lórí èyí, ó sì jàre ní ìbẹ̀rẹ̀ 2021. Kí ọdún náà tó parí, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn fagi lé ìdájọ́ náà. Ọdún 2023 ni ìjọba fúnra rẹ̀ wá ń ṣèrànwọ́ owó àkọ́kọ́ fún ẹni tó bá ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tàbí tó ń fi kún wákàtí iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: àsansílẹ̀ oṣù kan àti owó oṣù àkọ́kọ́, ní £260 lọ́sẹ̀, £2,080 ni, kí ìyá náà tó rí owó iṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́. Màíńdà tó bá mọ èyí, tó sì jẹ́ kí ìyá san àsansílẹ̀ náà lẹ́ẹ̀mẹta, kò pàdánù kọ́bọ̀. Ó lè jẹ́ òun ló mú kí ìyá yẹn lè gba iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí nótíìsì, níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń díjú jù.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni ọ̀pọ̀ màíńdà ń kọ. Ó bójú mu, nítorí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìgbà tí a fi ń rí ọmọ mìíràn. Àmọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin láti ọjọ́ wo? Ọjọ́ tí ìyá sọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà ni, àbí ọjọ́ tó kọ ọ́? Ṣé WhatsApp tó? Ọ̀rẹ́ mi gbà pé ó tó bí òun bá ti fèsì pé òun ti rí i, mo sì fara mọ́ ọn. Bí màíńdà bá lọ ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin náà ńkọ́? Tí kò bá sí nílé, kò yẹ kó ka ọjọ́ yẹn mọ́ nótíìsì kó sì gbowó lórí rẹ̀. Bí òbí bá fẹ́ mú ọmọ lọ lọ́jọ́ kejì, ó lè mú un lọ, owó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló ṣì jẹ. Ṣùgbọ́n bí ọmọ mìíràn bá wọ àyè náà ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó yẹ kí owó ti àkọ́kọ́ dúró níbẹ̀. Màíńdà kò lè ta àyè kan fún ẹni méjì ní ọ̀sẹ̀ kan náà. Mo mọ̀ pé àwọn kan kò ní fẹ́ gbọ́ èyí, síbẹ̀ òun ni òótọ́.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ìwé àdéhùn gbàgbé: kì í ṣe lílọ nìkan ló ń gba owó lọ́wọ́ màíńdà, dídín ọjọ́ kù náà ń ṣe é. Ìyá tó ń gbé ọmọ wá lọ́jọ́ márùn-ún, tó bá sọ ọ́ di ọjọ́ méjì, ti fi àyè ọjọ́ mẹ́ta sílẹ̀ tí ó ṣòro láti rí ẹni tó máa gbà á bẹ́ẹ̀. Dídín ọjọ́ kù gbọ́dọ̀ ní nótíìsì tirẹ̀. Ní ti ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́, nígbà tí ọmọ ṣì ń kọ́ ojú ilé, nótíìsì ọ̀sẹ̀ kan tó fún tọ̀tún tòsì. Ọmọ míì kì í gba ilé kan, kò sì ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí Kòrónà dé, tí ìjọba ní kí àwọn ilé ìtọ́jú ọmọ dúró lẹ́yìn ọjọ́ 20 oṣù kẹta 2020 àyàfi fún ọmọ àwọn òṣìṣẹ́ tí kò ṣeé mánìí àti àwọn ọmọ tó nílò ààbò, gbogbo gbólóhùn wọ̀nyí la iná kọjá. Àwọn kan ń gba owó kíkún fún àyè tí ọmọ kò lè dé. Ní oṣù keje ọdún náà, CMA, àjọ tó ń mójú tó ìdíje ọjà, kọ lẹ́tà sí gbogbo ẹ̀ka náà: iṣẹ́ tí wọn ò ṣe, kí wọ́n má gba owó rẹ̀, kí owó ìfagilé má sì kọjá ìwọ̀n. Láti ìgbà yẹn ni ìwé àdéhùn tó dára ti ní ìlà kan fún ọjọ́ tí ìjọba bá ti ilẹ̀kùn.

Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tirẹ̀. Ní Texas, níbi tí àwọn ènìyàn wa pọ̀ sí ní Houston, ilé tó forúkọ sílẹ̀ lè gba ọmọ mẹ́fà lọ́sàn-án, pẹ̀lú mẹ́fà mìíràn lẹ́yìn ilé ìwé, nítorí náà ọmọ kan tó lọ lójijì kì í fi bẹ́ẹ̀ gún àpò lọ́bẹ bíi ti Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀sẹ̀ méjì sì ni nótíìsì tí wọ́n mọ̀ jù níbẹ̀.

Ká padà sí England. Àwọn ìgbà kan wà tí màíńdà lè ní kí ọmọ má wá mọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀: bí òbí bá halẹ̀ tàbí bá a jà nínú ilé, bí owó kò bá wọlé lẹ́yìn ìkìlọ̀ tí a kọ sílẹ̀. Kí wọ́n kọ wọ́n ní kedere, kí wọ́n má sì pọ̀. Àìsàn tàbí àbùkù ara ọmọ kò sí lára wọn. Òfin ìdọ́gba ti 2010 ní kí màíńdà ṣe àtúnṣe tó bá ṣeé ṣe fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Lílé e lọ nítorí rẹ̀ lòdì sófin. Bí gbèsè bá sì wà nílẹ̀, ọwọ́ kò gbọdọ̀ kan ọmọ, ìwé ọmọ, tàbí aṣọ ọmọ. Ofsted kì í dá sí ìjà owó. Ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ owó kékeré, tí kò ju £10,000 lọ ní England àti Wales, ni wọ́n ń gbé e lọ, ohun tí adájọ́ ibẹ̀ sì máa kọ́kọ́ béèrè ni ìwé àdéhùn.

Ìwé yẹn gan-an ni ìtìjú kò jẹ́ ká kọ. “Ṣé kí n wá gbé ìwé síwájú ọmọ ìjọ mi ni?” ni ọ̀rẹ́ mi bi mí lọ́jọ́ Ẹtì yẹn. Ó ti tọ́jú ọmọ náà fún oṣù mẹ́sàn-án, ó mọ orin tó fi ń sùn. Ó gbà pé bí òun bá dárúkọ owó, ìfẹ́ á bàjẹ́. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ìyá ọmọ yẹn kò sì burú. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀nà yẹn máa ná Àǹtí ní owó oṣù kan. Bí ó bá mọ̀, mo gbà pé ì bá ti sọ ọ́ nígbà tí màmá rẹ̀ ń gba físà.

Ọ̀rẹ́ mi ti kọ ìwé báyìí. Ojú ìwé kan ni, ó fi lẹ́tà ńlá tẹ̀ ẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sẹ́yìn, ìyá tuntun kan wá pẹ̀lú ọmọ oṣù mẹ́wàá, Àǹtí sì jókòó tì í nídìí tábìlì, ó ń ka ìlà kọ̀ọ̀kan fún un ní Yorùbá: ìdógò ọ̀sẹ̀ méjì, èyí tó máa padà, nótíìsì ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kó wà ní kíkọ, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin láti ọ̀dọ̀ màíńdà náà. Ìyá náà dá a dúró níbẹ̀. Ó ní, “Àǹtí, bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ fẹ́ dá a dúró, ibo ni mo ti fẹ́ rí àyè ọmọ-ọwọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin?”

Àǹtí wo ìwé náà fún ìgbà díẹ̀. Ó mú báírò, ó fagi lé “mẹ́rin” ní ìlà tirẹ̀, ó kọ “mẹ́jọ” sí i lórí, ó sì fọwọ́ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọmọ ti na ọwọ́ mú etí ìwé náà, ó ń fà á sẹ́nu.